Ìka Emmet

Nígbà tí bọ́ọ̀lù fọ́ ìka ìfábẹ̀lá ọkọ mi, Emmet Sprague, ó ní kí dókítà to eegun rẹ̀ kó ká kò bí ìka ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú, kó má tọ́ mọ́ láé.

Emmet ń rán bàtà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nílùú Lynn, bíi gbogbo ọkùnrin ilé wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń ju bọ́ọ̀lù àfigigbá fún ẹgbẹ́ àwọn aránbàtà. Ọkùnrin kan wá láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Boston, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀ tí òtútù bá lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan fi igi gbá bọ́ọ̀lù padà lù ú, tí ìka fọ́.

Dókítà Pruitt ní, "Bó bá ṣe jinná ni yóò ṣe wà. Èwo lo fẹ́?"

"Ẹ wá bọ́ọ̀lù kan, kẹ́ ẹ dì í mọ́ ọn."

Bàbá rẹ̀ dìde. "Ìka kíká wo ló ń tẹ awọ mọ́lẹ̀? Ṣé eyín lo máa fi rán bàtà ni?"

"Bàbá, mi ò rán bàtà mọ́."

"Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù kì í darúgbó ni?"

"Ẹ̀yin náà darúgbó nídìí bàtà. Kí lẹ rí ńbẹ̀?"

"Ìwọ ni mo rí ńbẹ̀. Ta ló bọ́ ẹ?"

Emmet na ọwọ́ sí dókítà.

Ìka náà dáa fún bọ́ọ̀lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ tààrà, ẹni tó mú igi á na igi sí i, ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù máa já wálẹ̀, igi ò ní bà á. Ó lo sáà méjì ní Boston. Fọ́tò rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Àga rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀. Bàbá na awọ sí i. Okùn ń há mọ́ ìka yẹn, ìka náà sì ń gbé awọ sókè. Tí Emmet bá ti jáde, bàbá á tú bàtà tó rán, á tún un rán.

Emmet rí i lọ́jọ́ kan. Ó kọjá sọ́dọ̀ Pruitt.

"Ẹ gé e."

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá. Ó ń dí mi lọ́wọ́."

Ní báyìí tí wọ́n ti gé ìka yẹn, bàtà tó ń rán dáa, a sì ń jẹun. Tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò bá já sí àgbàlá wa, wọ́n á máa ké pé, "Ọ̀gbẹ́ni Sprague, ẹ jù ú wá!"

Ẹsẹ̀ ló fi ń gbá a padà.