Ṣínà Tó Ń Bọ́ Yunifásítì

"Sójà ọgọ́rùn-ún ló yí mi ká níjọ́sí! Ìbọn ń dún gbàù-gbàù. Mo la ẹnu, mo ń fi eyín gba ọta bí ẹni ń ju ẹ̀pà sẹ́nu, mo wá tu gbogbo rẹ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀gá wọn. Báyìí ni mo ṣe gbé àpò gààrí wọ yunifásítì!"

Ṣínà ló ń lérí bẹ́ẹ̀ níwájú ilé kan ní Dopemu. Job, fọkanáísà tó ń lẹ táyà níbẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Eyín rẹ ò wá ká?"

"Ká kẹ̀? Ó tún mú sí i ni!"

Sùlíyá dúró lẹ́yìn wọn, báàgì rẹ̀ lórí. Yunifásítì ló ti ń bọ̀ wá sílé tí ìyá rẹ̀ ń gbé yìí. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ti ilé ìwé pa nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ figbe ta pé Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé wọn tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, fẹ́ pa àwọn. Wọ́n purọ́ ni? Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹni mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún ló ń sùn síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí padà, gbogbo wọn ni yóò yí bí àkàrà inú epo. Oúnjẹ wọn, síírò-wọ́ọ̀nù-síírò: àárọ̀ òfo, ọ̀sán díẹ̀, alẹ́ òfo. Omi iyọ̀ ni òun àti Bọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ń tan ikùn jẹ lálẹ́. Ó ti ṣubú lulẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Dókítà ní ibà ni. Ibà wo? Ebi ni! Èyí tó dùn ún jù ni pé kò rí ẹ̀kún ọwọ́ gààrí gbà láti ilé ní gbogbo sáà náà. Ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá jà.

Ṣínà ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀yìn ìgbà tí Sùlíyá ti lọ ni Ṣínà gba yàrá nílé náà, tó pe ara rẹ̀ ní sítúdẹ́ǹtì, tó ní òun á máa bá àwọn ìyá gbé oúnjẹ fún ọmọ wọn.

"Ta lẹ gbé gààrí ọ̀hún fún?" Sùlíyá bi í.

"Sùlíyá, ọmọ màmá yàrá ẹ̀yìn! Màmá ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bísíkíìtì n'Ìkẹjà. Wọ́n á di gààrí, wọ́n á di àfọ́kù bísíkíìtì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bọ́ ọ."

Ara Sùlíyá gbóná bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Ìyá rẹ̀ ò gbàgbé rẹ̀!

"Báwo ló ṣe wá rí báyìí?"

"Háà! Ó sanra débi pé wọ́n fọ́ ògiri kó tó ráàyè lọ sí kíláàsì! Lánàá ló dì mọ́ mi, ó ní, 'Bùọ̀dá Ṣínà, mo yó, ẹ dákun.' Ìwọ tó gbẹ bíi panla yìí, ǹ bá ní kó bù díẹ̀ fún ọ."

Ìgbà náà ni ìyá Sùlíyá gbé àpò mìíràn jáde.

"Ṣínà ọmọ mi, gbà. Oúnjẹ ọ̀sán mi níbi iṣẹ́ ni mo fi ṣe pààrọ̀ bísíkíìtì inú rẹ̀ o."

"Arábìnrin panla, bá mi gbé e rù," ni Ṣínà wí.

Sùlíyá di ẹnu àpò náà mú, kò fi sílẹ̀. Ìyá wò ó, ó tún un wò.

"Yéè! Sùlíyá! Ta ló jẹ ẹran ara ọmọ mi tán báyìí?"

"Màmá, mi ò rí ẹyọ gààrí kan gbà!"

Ṣínà kólòlò. "Ẹ̀ẹ̀n… Sùlíyá pọ̀ níbẹ̀, Màmá. Èyí… èyí ti jò bíi táyà ni."

"Olè! Wọ́n gbé mi jáde nínú ìdánwò bí òkú! Ológun ti ilé ìwé mọ́ wa, ìwọ wá gba ti ẹnu wa!"

Ìyá fa ọmọ odó yọ. Kí Job tó ké pé "Ẹ mú un!", Ṣínà ti fò kọjá táyà, ó ti kọrí sọ́nà Akọ́wọ́njọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́.