Ìdì Oògùn Fẹ̀hìntọlá

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń dùn mí."

Fẹ̀hìntọlá fi ọwọ́ Adédùntán, àbúrò rẹ̀, sílẹ̀ lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ ní Kàbbà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń di oògùn ara ríro fún Adédùntán, tíṣà ní Iyara: funfun méjì, pupa kan, nínú ọ̀rá kékeré. Ìka tó ń le gbagidi láàárọ̀ á rọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn ará Iyara sì ń kí i pé, "Ọkọ ẹ ń tọ́jú ẹ o!" Inú Fẹ̀hìntọlá dùn débi pé àbúrò rẹ̀ ló fi ń polówó ọjà.

"Dókítà ní n kò sanra," Adédùntán wí. "Oògùn funfun yẹn ló mú ojú mi wú. Ó ní àwọn ọmọ ogun ara mi tó ń bá àìsàn jà ló dojú kọ oríkèé mi. Wíwú oríkèé tó yẹ kó lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kò lọ. Awọ inú oríkèé ti nípọn, ó ti jẹ kerekere tó bo orí eegun, ó ti ń jẹ eegun náà."

"Ṣebí ìrora ń lọ?"

"Ìrora ń lọ. Àìsàn ò kúrò níbẹ̀."

Ó yọ fọ́tò eegun ọwọ́ rẹ̀ jáde. Fẹ̀hìntọlá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Etí àwọn eegun náà rí bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ.

"Iyán tí o ń gún ló fà á," ó wí, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. "Ó dáa, da oògùn náà nù lónìí."

"Rárá o! Tí mo bá dá a dúró lójijì, mo lè dákú, torí ara mi ti gbára lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa dín in kù, wọ́n á sì fún mi ní òmíràn."

"Ìka rẹ ńkọ́?"

"Èyí tó ti wọ́ ti wọ́ nìyẹn."

Ìtìjú mú Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀rù sì bà á.

"Okun o, nọ́ọ̀sì wa!" Ìyá Ọpẹ́dayọ̀, àgbàlagbà oníbàárà rẹ̀, ló wọlé, ó ń kí i bí ará Kàbbà ṣe ń kí olóògùn wọn. Ojú rẹ̀ kún rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń dán. "Di tèmi fún mi. Wọ́n ní mo ti ń padà di ọmọge."

Bí Fẹ̀hìntọlá bá la ẹnu, gbogbo Kàbbà ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ta ni yóò sì tún ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀? Ó wo ìka Adédùntán tó ti wọ́.

Ó gbé àga jáde láti ẹ̀yìn káńtà.

"Ẹ jókòó, màmá," ó wí. "N kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti fi oògùn tí mo ń dì fún yín pa yín lára."