Igi Onígun Mẹ́rin

"Kí ni ọmọ yìí ti kọ́ láti ọdún kan?"

Mùbàṣírù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló béèrè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé ni, èéfín ẹja ṣì ń rùn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Adétutù wolẹ̀. Ọmọ́títí, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń yọ ẹrẹ̀ kúrò ní èékánná ẹsẹ̀. Èmi tí ìdáhùn wà lọ́dọ̀ mi ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Àpótí irin tuntun kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tòun ti àgádágodo. Ìjẹ̀bú-Òde ló ti rà á bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tí táàmù kẹta máa bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn.

Lọ́dún tó kọjá, tíṣà kan ní ilé ìwé aládàáni kan kọ OLÓDO sára páálí, ó fi okùn so ó mọ́ Ọmọ́títí lọ́rùn, ó ní kó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, nítorí pé kò lè ka ìlọ́po méje. Látọjọ́ náà, bó bá ti rí ìwé, á sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà ni. Mi ò ríṣẹ́, mò ń tú àdììtú nọ́ńbà lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi nílé. Mùbàṣírù, tó ń pẹja ní Efire, tó ń wálé sí Òkè-Sopẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ní, "Ọdún kan. Bí n kò bá rí nǹkan tí mo lè fọwọ́ bà, mo mú ọmọ mi."

Nǹkan tó lè fọwọ́ bà wà. Igi ni. Igi káfíńtà onígun mẹ́rin, ó ga jù mí lọ díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Ọmọ́títí ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò tó wà lẹ́yìn ilé. Á gbé e dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ kan náà, á fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí omi mu ún dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, á kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀, á ya ohun tó rí níbẹ̀: ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, olú, ìgbín, akàn. Ẹ̀gbẹ́ kan, oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá; bó bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́rin jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Kò sẹ́ni tó lù ú kó tó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n igi náà ti sọnù. Ara ògiri ilé ìdáná ló máa ń fara tì. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti ń wá a, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn ààrò. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo fura sí: iná tí Mùbàṣírù fi yan ẹja lálẹ́ àná.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ẹ ti dáná sun ìdáhùn tán, ẹ wá ń béèrè ìbéèrè."

"Kí ni mo dáná sun?"

"Igi Ọmọ́títí. Kí lẹ fi yan ẹja lánàá?"

"Èèpo àgbọn tí mo dì bọ̀ láti Efire!" Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Adétutù, ṣé ò ń gbọ́ àbúrò rẹ? Ọdún kan gbáko, igi ló fi kọ́ ọmọ mi. Ọ̀gá gírádúéètì! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé, tiwa ń ka ọ̀pọ̀lọ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́ kò so páálí mọ́ ọn lọ́rùn."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. "Ṣé o rò pé kò dùn mí ni? Létí omi, wọ́n ń bi mí bóyá ọmọ mi tí wọ́n lé nílé ìwé ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Lóṣù kẹwàá, omi kún láìsọ fẹ́nì kan, ó gbé ìgèrè mi mẹ́rìndínlógún lọ, gbogbo ohun tí mo fi ń pẹja. Wàláì, ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ọmọ mi á mọ̀wé, kò ní jókòó ti omi tí ẹnikẹ́ni kò mọnú rẹ̀. Ìwọ wá mú un padà sínú odò!"

"Àpótí lẹ rà, ẹ ò ra sùúrù. Bẹ́ ẹ bá mú un lọ lọ́jọ́ Ajé, páálí mìíràn ló ń dúró dè é níbẹ̀."

"Akóredé!" Adétutù pàtẹ́wọ́ mọ́ mi lójú. "Ṣọ́ ẹnu rẹ. Ọkọ mi lò ń bá wí bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Títí, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ń wò yín."

Àrá sán. Ojú ọ̀run ti dúdú.

"Títí, sáré lọ kó aṣọ," Adétutù ní. "Òjò ń bọ̀."

Ọmọ náà jáde. Èmi àti Mùbàṣírù ń wo ara wa bí àkùkọ méjì. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn ún ju èyí tí mo ti sọ lọ. Mo ti rí i. Mo ti la ẹnu.

"Ó wà níbí o!"

A yọjú. Okùn aṣọ ti já bọ́ sílẹ̀, jàlàbíà funfun Mùbàṣírù ti nà gbalaja nínú ẹrẹ̀. Láàárín àgbàlá, níbi tí gbogbo wa ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀, Ọmọ́títí di igi tó ti ń gbé okùn náà dúró mú. Igi onígun mẹ́rin.

Ìdájí òní ni. Jàlàbíà yẹn wúwo, okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, àdììtú nọ́ńbà kan wà lọ́kàn mi. Mo na ọwọ́ sí igi tó sún mọ́ mi jù lọ, mo fi gbé okùn náà ró. Ọwọ́ èmi fúnra mi.

Mo ń retí kí Mùbàṣírù fi mí ṣẹ̀sín. Kò wò mí. Ó dá jàlàbíà rẹ̀ kọjá, ó gba igi náà lọ́wọ́ ọmọ, ó ń yí i, ó ń fi àtàǹpàkò tọ àwọn àmì náà bí ẹni ń wá ihò lára àwọ̀n. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ni mọ́kànlá yìí? Ó fò sókè."

"Omi kún ni, Dádì. Àwọn akàn sá gòkè. Mo yà wọ́n. Oṣù kẹwàá ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ."

Odò ẹ̀yìn ilé wa yìí, ọ̀nà ọ̀sà Efire ló dorí kọ. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń ka Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú.

"Ọjọ́ Ajé ni omi náà dé ọ̀dọ̀ mi," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó gbé igi náà wọlé, ó jókòó lé àpótí tuntun náà lórí, ó gbé e lé orúnkún. "Títí, wá. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ení."

Èmi ni mo lọ ṣa jàlàbíà nínú ẹrẹ̀.