Òjìji Lára Ògiri Òkè-Bùkún

Josiah Oyèbánjí ló kọ́ mi bí a ti ń gé fíìmù. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo gbàgbé.

Ọmọ Ìsánlú ni. Ó ti bá ọkọ̀ sinimá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láti ìlú dé ìlú. Ní ọdún 1955 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó wá sí Kàbà pẹ̀lú kámẹ́rà àlòkù kan tí à ń lọ́ bí aago, àti ẹ̀rọ sinimá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ọjọ́ orí wa kò jura lọ. Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Ó ní ojú mi mú, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n. Ó ní ká jọ máa ṣiṣẹ́ láìní ọ̀gá: òun á máa yà á, èmi á máa gé e.

Láti Aiyetoro-Gbede títí dé Ìsánlú, ẹni tó bá ń ṣègbéyàwó, ìjọ tó bá ń ṣe ìkórè, a óò lọ. A ó fi fíìmù ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n bá wa fọ̀ ọ́. Bó bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, èmi á jókòó tì í.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Abẹ, àtè inú ìgò, àtùpà, aṣọ funfun kan. Wàhálà rẹ̀ ló pọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á ha fíìmù, á wá dà bíi pé òjò ń rọ̀ sójú ìyàwó. Mo kọ́ láti fi aṣọ tútù kọ́ yí ilé ká kí n tó tú u. Ibi tí mo so pọ̀ máa ń já nínú ẹ̀rọ, títí Josiah fi fi hàn mí pé n kò ha á dénú kí n tó fi àtè sí i.

"Àtè kì í mú awọ," ó ní. "Egungun ló ń mú."

Èyí tó le jù ni fífò. Kámẹ́rà á dúró nígbà tí àlùfáà wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, àlùfáà ti wà níwájú pẹpẹ. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

"Fi ojú èrò bò ó," Josiah ní. "Bí wọ́n bá ti rí ojú èèyàn, wọn ò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

Mo fi ojú ìyá àgbà kan bò ó, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Àlùfáà kò fò mọ́. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ ìyàwó kan pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tò ó kí ó dà bíi pé òun ló kọ́kọ́ dé. Inú àwọn òbí rẹ̀ dùn.

Ní ọdún 1957 bàbá ìyá mi kú ní Òkè-Bùkún. Ṣọlápé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ọláníran ló ń pè mí. John jẹ́ orúkọ mi ní ilé ẹ̀kọ́, kì í fẹnu kàn án. Isaiah ni ọmọ ìyàwó kejì tí olóògbé fẹ́.

Nínú ilé yẹn, bí olórí ilé bá kú, ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú, kọ́ ara ògiri ni yóò jókòó sípò rẹ̀. Ṣọlápé kọ́ tirẹ̀ lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, Isaiah dé, ó kọ́ tirẹ̀ lápá òsì. Mo wà níbẹ̀. Josiah ń yà á.

Kò pẹ́ tí Isaiah fi ní òun ló ṣáájú. Ilé ìyá kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí fún ọmọ tirẹ̀. Wọ́n ní kí àgbà mẹ́ta láti ìlú mìíràn wá dá a. Ìbúra ni Ṣọlápé fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe. Èmi ló lọ bá a.

"Òkun o, bàbá," mo kí i. "Ẹ jẹ́ ká fi sinimá hàn wọ́n."

"Ẹnu sinimá dà, tí yóò fi jẹ́rìí?"

"Ohun tó bá rí ló ń sọ, bàbá. Kì í purọ́."

Ó wò mí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, Ọláníran. Bó o bá ní kì í purọ́, mo gbà."

N kò sọ fún un nípa ọkọ ìyàwó tó pẹ́ dé.

Fíìmù dé. Mo tò ó bó ṣe rí: Ṣọlápé, lẹ́yìn náà Isaiah. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo rí Martha, ọmọ Isaiah, nínú rẹ̀.

"Josiah, ìsìnkú lo lọ yà ni, àbí Martha?"

"Kámẹ́rà ló fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kọ́."

"Kámẹ́rà náà ti ń wá ìyàwó nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gé gbogbo Martha sínú agolo ìdọ̀tí lójú rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó fi eyín di etí gèlè rẹ̀ mú, ó ń tún un wé. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé fíìmù fún Josiah, kí ó gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́jọ́ Sátidé.

Kíláàsì kan ní Kàbà ni a lò. Ọ̀sán ni, a fi ẹní bo fèrèsé. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó níwájú. Babátọ́pẹ́ ló dàgbà jù nínú wọn.

Aṣọ ìpò yọ lójú sinimá, dúdú bí èédú.

"Aṣọ dúdú lẹ fi sìnkú bàbá yín?" Babátọ́pẹ́ béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Sinimá ò mọ pupa, bàbá," Josiah ní. "Dúdú ló ń pè é."

Isaiah ló gbé aṣọ dé ara ògiri. Ó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ojú ọmọbìnrin kan, ó fi eyín di etí gèlè rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, Ṣọlápé.

Bí mo ti tò ó kọ́ nìyí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti dìde.

"Ẹ tún un ṣe."

Josiah tún un ṣe.

"Ògiri bàbá wa kọjú sí ìlà oòrùn," Ṣọlápé ní. "Àárọ̀ la kọ́ aṣọ, a ò jiyàn ìyẹn. Bí oòrùn bá ń gòkè láàárọ̀, òjìji òrùlé a máa sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Níbi tí Isaiah wà, ó ti dé ìdajì ilẹ̀kùn. Níbi tí mo wà, òkè ilẹ̀kùn ló ṣì wà. Ṣé oòrùn padà sẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni?"

Àgbẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún un ṣe mọ́.

"Kò padà," Babátọ́pẹ́ ní. Isaiah ń wo ilẹ̀. "Ta ló gé nǹkan yìí?"

"John ni, bàbá," Josiah dáhùn. "Yíyà ni tèmi. N kò mọ abẹ mú. Gbogbo Kàbà ló mọ̀."

Gbogbo Kàbà ló mọ̀ lóòótọ́ pé èmi ni mo ń gé. Mo wò ó. Ó ń nu dígí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

"Èmi ni mo gé e," mo ní. "N kò gé e báyìí. Josiah mọ̀ ọ́n gé. Òun ló kọ́ mi."

Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Ọ̀gá tí kò mọ abẹ mú ló wá kọ́ ọmọ níṣẹ́ abẹ." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ṣọlápé kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ti ẹ̀yìn síwájú?"

"Ó ṣeé ṣe, bàbá."

"O ti ṣe é rí?"

"Mo ti ṣe é. Níbi ìgbéyàwó."

"O sì sọ fún mi pé kì í purọ́, John."

Ó jókòó.

Wọ́n fi Ṣọlápé jẹ olórí ilé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta Josiah gbé Martha níyàwó. Wọn kò pè mí.

Mo gba fíìmù náà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Mo mọ ibi tí ọwọ́ Josiah kàn: ó ha á dé egungun, bó ṣe kọ́ mi. Mo tú u. Mo yọ Martha kúrò. Mo tún un tò bó ṣe rí lójú mi lọ́jọ́ náà, mo sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Bùkún.

Ṣọlápé jókòó síwájú ògiri náà ní àárọ̀. Mo gbé agolo fíìmù síwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo ti tò ó bó ṣe rí."

Kò fọwọ́ kàn án.

"Mo mọ bó ṣe rí, John. Mo wà níbẹ̀."

Mo jókòó díẹ̀. Òjìji òrùlé ti sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdajì ilẹ̀kùn. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo gbé agolo mi, mo gun kẹ̀kẹ́.