Yàrá Onípákó Tí Wọ́n Dáná Sí

Kí ló ń bá a sọ? Obìnrin yẹn tún ti fẹnu sí i létí. Rachel, ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ — àti Bàṣírù, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, tó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ti jọ dì í tẹ́lẹ̀. Mo wà ní géètì níbí nínú aṣọ sikiọ́rítì, oòrùn ń pa mí, mo ń wò wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé mo ń wò wọ́n. Tàbí wọ́n mọ̀…

Yàrá onípákó kan ni wọ́n kọ́ sáàárín ọgbà. Wọ́n fẹ́ dáná sínú ẹ̀ lójú àwọn panápaná, kí wọ́n lè gbà pé ilé alájà tí wọ́n ń fi irú pákó yẹn kọ́ lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún ò ní jó. Pákó. Ní Dubai. Kí wọ́n to pákó lé pákó, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí kéréènì gbé e sókè, kí wọ́n wá ní kéèyàn máa sùn nínú ẹ̀.

Ṣé pákó kan náà sì ni? Ta ló mọ ohun tí wọ́n fi ra tibí lára? Láàárọ̀, Bàṣírù ń fi tapólì bo nǹkan nídìí yàrá yẹn. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Omi ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú." Omi. Ta ló ń daṣọ bo omi?

Ó ti pẹ́ tó ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, níbi tá a gba bedspace sí, bẹ́ẹ̀dì tèmi lókè, tiẹ̀ nísàlẹ̀ — tí fóònù bá dún, ó di orí àtẹ̀gùn. Tí mo bá yọ, ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là á pé iléeṣẹ́ máa fún òun ní yàrá nínú ilé onípákó yẹn, pé Nùsírátù ìyàwó òun á lè wá. Mo ní kí ni wọ́n ń wá lára ẹ̀? Ó ní, "Ó wà nínú iṣẹ́ ni." Ó wà nínú iṣẹ́… Tó bá máa jó, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dán an wò? Òun àtìyàwó ẹ̀.

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ dídùn báyìí rí. Bẹ́ńdà ni mí nígbà náà, èmi ni mò ń di irin fún àwọn ilé gogoro. Wọ́n ní ilé kíkọ́ ò ní dáwọ́ dúró láé nílùú yìí. Lẹ́yìn náà ni crash dé, owó gbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé. A dé sáìtì, géètì wà ní títì, ẹnì kan kàn jùwọ́: khalas, ó ti parí. Irin tí mo dì ṣì yọ ṣóńṣó lórí ilé yẹn, ó ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó parí ẹ̀. Èmi wá di ẹni tó ń ṣí géètì. Èmi náà ni mo mú Bàṣírù wá, mo ní kó kọ́ irin dídì. Ó ní pákó ni ó wu òun —

Wọ́n ti ṣáná sí i.

Èéfín. Èéfín dúdú. Iná ti yọ lójú fèrèsé, ó ń lá ògiri. Ṣé mi ò sọ? Ògiri ń dúdú… Àwọn panápaná ò sì mira. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Rachel ń wo aago ọwọ́ ẹ̀. Bàṣírù káwọ́ sẹ́yìn, ara ẹ̀ balẹ̀.

Iná ń relẹ̀. Báwo ló ṣe ń relẹ̀? Wọ́n ká tapólì kúrò. Dúrọ́ọ̀mù. Omi ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń bù ú wọ́n ibi tó ṣì ń rú.

Omi ni lóòótọ́.

Bàṣírù ti mú ṣísù, ó ń gbẹ́ ara ògiri. Èédú ń já bọ́. Lábẹ́ ẹ̀, pákó funfun. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ yàrá yẹn: "Ara ẹ̀ ló máa dúdú, ẹ̀gbọ́n mi, inú ẹ̀ á le." Ọ̀gá panápaná fọwọ́ pa pákó náà, ó bọ Bàṣírù lọ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀… ó dà bí ẹni pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Bàṣírù ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án." Mo nawọ́ sí géètì, pé mi ò lè kúrò níbí. Irọ́ ni. Ọkọ̀ kankan ò bọ̀.

Nígbà tí iná yẹn yọ lójú fèrèsé — kí ni mo sọ? Mo sọ nǹkan. Ẹnu mi mì. Kò sẹ́ni tó gbọ́, ṣùgbọ́n èmi gbọ́.

Alhamdulillah ni mo sọ.

Ilé tó fẹ́ mú ìyàwó ẹ̀ wọ̀. Mo fẹ́ kó jó, kí Bàṣírù má baà fi mí sílẹ̀ lọ.