Ìdákọ̀ró Abẹ́ Òkúta

"Ta ló ni ín?" Bok-sil, olórí àwọn obìnrin tó ń mòòkùn ní abúlé náà, na ìka sí ìdákọ̀ró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà gòkè láti abẹ́ òkúta inú òkun. Iyùn rírọ̀, ẹ̀dá inú òkun tó rí bí igi kékeré, ṣì lọ́ mọ́ ọn, ó pọ́n bí ogbe àkùkọ, ó sì ti ń kú lọ nínú atẹ́gùn.

Mal-sun, ọ̀kan lára wọn, na ọwọ́ sí iná tí wọ́n ń yá nínú àgọ́ wọn. Gbogbo eegun ló ń ro ó. Ìṣojú rẹ̀ ni Gi-tae, ọmọ rẹ̀, ti jó irin ìdákọ̀ró náà pọ̀. Ìlú Seoul ti fi ìyà jẹ ọmọ náà tó kó tó padà wálé. Ọkọ̀ tó fi ń gbé àwọn apẹja ìgbafẹ́ kiri yìí nìkan ló kù ú kù. Ọmọ ẹni kò sáà ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

"Ooru ọdún tó kọjá ti pa ìdajì iyùn wa," Bok-sil ní. "Okùn ìwọ̀ ń fún ìyókù lọ́rùn. Ẹnìkan tún wá ń fi irin tu èyí tó kù! Níbo ni ẹja yóò máa sá sí? Ṣé iyanrìn la fẹ́ máa mòòkùn kó ni?"

Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí nídìí iná yẹn, kò sẹ́ni tó ń yí i padà. Ọkọ̀ tó bá ba abẹ́ òkun wọn jẹ́ kò ní gúnlẹ̀ sí èbúté wọn mọ́.

Obìnrin kan yọ ṣùtì sí Mi-ran, tó kéré jù láàrin wọn. "Ìyàwó, ọkọ tìẹ náà ṣáà ní ọkọ̀ ojú omi. Ìdí òkúta yẹn ló sì máa ń wà ṣáá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òun kọ́! Àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀."

"Àìsàn àbí ọtí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi-ran bú sẹ́kún.

"Ó dáa," Bok-sil ní. "Ẹni tó bá gbà pé ọkọ Mi-ran ni, kó nawọ́."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mal-sun wo ọmọbìnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Gi-tae ni."

"Ìyá Gi-tae, ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Ìṣojú mi ló ti jó irin náà pọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Bok-sil. Má jẹ́ kí n tún un sọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bok-sil ti igi sínú iná, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Mal-sun jáde, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Gi-tae, má gúnlẹ̀ síbí mọ́. Wọ́n ti lé ọkọ̀ rẹ."

"Ta ló fẹjọ́ mi sùn? Ìyá, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi!"

"Èmi ni."

Mal-sun ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Gi-tae kò pa fóònù.

"Oúnjẹ wà nílé," ìyá rẹ̀ ní. "Wá jẹun."