Márùn-ún Nínú Rẹ̀, Tèmi Ni

Àkọ́bí mi gba máàkì mọ́kànléláàádọ́rin nínú ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rélùwéè, wọn ò mú un. Ọmọbìnrin kan láti òdì kejì odò gba méjìdínláàádọ́rin, wọ́n mú un. Ìjọba ló ní kí wọ́n ya àyè méjì nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún àwọn ará òdì kejì, torí láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti wà, wọn ò gba ẹyọ ẹnìkan nínú wọn rí.

“Bàbá, ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé nìyí,” ni ọmọ mi wí. “Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó wọlé. Ó tán!”

Inú bí mi ju òun alára lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un lọ bá lọ́yà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ibi iṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà ti wá. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Mi ò fẹ́ dáhùn. Ìgbà náà ni mo rí èékánná rẹ̀: ọ́ìlì dúdú ti wọ abẹ́ wọn, irú èyí tí apá ọṣẹ kì í ká. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé ó ṣe mí.

Lọ́yà wa pè mí jẹ́rìí, ó na ìwé èsì sí mi. “Bàbá, ẹ ka máàkì ọmọ yín kí adájọ́ gbọ́.”

Mo kà á. Ó yẹ kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ nìkan mọ̀: ọmọ wa kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bàbá á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, wọ́n á fi máàkì márùn-ún lé tọmọ. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é, a ò sì pè é ní ojúsàájú rí. Lọ́yà ọmọbìnrin náà ò lè béèrè ohun tí kò mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi lè gba àyè rẹ̀.

“Olúwa mi,” mo ní, “márùn-ún nínú rẹ̀, tèmi ni.” Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀.

Lọ́yà wa wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Níta, ọmọ mi ò wò mí lójú. Kò mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù náà. Èmi ni mi ò sọ fún un.

“Mẹ́rìndínláàádọ́rin péré ni mo gbà?”

“Ìyẹn náà ò kéré, ọmọ mi.”

Nígbà tá a dé ibi tá a ti máa wọkọ̀, ó yíjú sí mi. “Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Nígbà tẹ́ ẹ wọlé, ta ló fọwọ́ sí tiyín?”



“Bàbá mi ni,” mo ní.